Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ọmọ ni ibà

Ara ọmọ oṣù 8 gbóná. Màmá àgbà ní eyín ló ń yọ. Oníkẹ́míìsì ní ibà ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, wọ́n fún un ní ògùn apakòkòrò, ara ọmọ balẹ̀, gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Oṣù kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ta ló ti yẹ ìtọ̀ ọmọ yẹn wò? Kò sẹ́nì kankan.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Mi ò ní kẹ́ ẹ má yẹ ibà wò o. Ibà ń pa ọmọ nílẹ̀ wa. Àmọ́ ọmọ tó ní ibà lè ní kòkòrò nínú ìtọ̀ pẹ̀lú. Àgbàlagbà á sọ pé bí òun bá ń tọ̀, ó ń ta òun. Ọmọ ọwọ́ ò lè sọ ọ́. Ara rẹ̀ á kàn gbóná, á máa bì, kò ní fẹ́ mu ọmú.

E. coli ló sábà máa ń fà á. Inú ìfun ló ń gbé láìṣe nǹkan kan, àfìgbà tó bá wọ ojú ìtọ̀ tó sì gòkè. Láwọn ọmọ kan, ẹnu ibi tí ìtọ̀ ń gbà wọ àpò rẹ̀ kì í pa dé dáadáa, ìtọ̀ á wá máa padà sẹ́yìn lọ bá kíndìnrín, tòun ti kòkòrò. Bá a bá tètè tọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń bọ́ níbẹ̀ láìsí wàhálà. Bá a bá fi falẹ̀, tó sì ń padà wá, ó lè dá àpá sí kíndìnrín. Ojú àpá yẹn kì í sẹ́ ìtọ̀ mọ́, kì í sì í dun ọmọ. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ló máa fi í hàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ gba ìtọ̀ kí apakòkòrò tó wọlé o! Bí ògùn bá ti ṣáájú, lábù lè má rí kòkòrò kankan gbìn, a ò sì ní mọ ògùn tó ń pa á. Ìtọ̀ tẹ́ ẹ fún látinú Pampers kọ́ là ń sọ. Ẹ fọ abẹ́ ọmọ, kẹ́ ẹ gbé ike mímọ́ tí lábù fún yín dání, kẹ́ ẹ dúró dè é. (Mo mọ̀, ó ń súni!) Ní Melbourne, àwọn dọ́kítà fi gọ́ọ̀sì tí wọ́n rẹ sínú omi tútù ra abẹ́ ìkùn àwọn ọmọ ọwọ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2017, ọmọ 31 nínú 100 ló tọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 5. Láàárín àwọn tí wọn ò ra nǹkan kan fún, 12 ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọkùnrin, ẹ máa wo bó ṣe ń tọ̀. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń kán tó, tó, tó, tí kì í ta jáde, ẹ má dúró de ara gbígbóná kankan. Nǹkan lè dí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ látinú oyún, iṣẹ́ abẹ ló sì ń ṣí i. Ẹ gbé e lọ bá dọ́kítà ọmọdé lọ́sẹ̀ yìí.