Dráyà Àlòkù Tí Ẹ Fẹ́ Rà Fún Ọmọ: Ta Ló Ni Wárántì Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, àmọ́ ó lè mú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ru. Ọ̀rọ̀ dráyà ni, àti sítíímà, kílípà pẹ̀lú gbogbo irinṣẹ́ onídìrí tí à ń rà ní àlòkù, tí a sì tún ń tà fún ẹlòmíì.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọmọ parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ irun, ó ku kó ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù. Owó aṣọ ti lọ, owó jíjẹ mímu ti lọ, ọ̀gá ti gba tiẹ̀. Irinṣẹ́ ló kù, tuntun sì wọ́n. Ẹnì kan á wá sọ pé onídìrí kan ní Àgó-Ìwòyè ń ta ẹrù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí pé ó ń lọ sí òkè òkun, tàbí pé ìyá kan ní Mákùn-Omi níbí ń ta èyí tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó rìnrìn àjò. Wọ́n á ní, “Kò tíì pé ọdún kan tí a rà á, wárántì ṣì wà lórí ẹ̀.” Ọ̀rọ̀ tó máa ń mú owó àjọ jáde lápò nìyẹn. Ṣé òótọ́ wá ni?

Ìlérí ni wárántì. Ẹni tó ṣe ọjà, tàbí ẹni tó kó o wọ̀lú, ló ń sọ pé bí ó bá bàjẹ́ láàárín àkókò kan, tí kì í ṣe pé ẹni tó rà á ló bà á jẹ́, òun á tún un ṣe tàbí kí òun pààrọ̀ rẹ̀. Ìlérí sì ní ẹni tí a ṣe é fún. Ẹ ka káàdì tó wà nínú páálí dáadáa, ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ rà á nìkan ni àwọn dá lóhùn. Bí ẹni náà bá ti lè tà á, ìlérí parí síbẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn wà tí kò bìkítà ẹni tó gbé e wá, bí rìsíìtì bá ti bá nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà mu. Káàdì àti rìsíìtì ni kí ẹ béèrè, ẹ má fi ti ẹnu ẹni tó ń tà á ṣe. Ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ rà á náà ni wọ́n sì ti ń ka oṣù. Bí wárántì bá jẹ́ oṣù 12, tí ó ti lò ó fún oṣù 10, oṣù 2 péré ni ẹ rà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ onídìrí kì í mọ̀ àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ́yìn yọ. Púpọ̀ nínú dráyà ọlọ́wọ́ àti kílípà tó wà lọ́jà, ti inú ilé ni wọ́n ṣe é fún. Káàdì rẹ̀ lè sọ pé bí a bá fi ṣe iṣẹ́ owó, wárántì ti run, tàbí pé ó dín kù. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún orí kan tàbí méjì lójúmọ́, tí ẹ wá fi ń gbẹ orí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọjọ́ Sátidé! Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹnikẹ́ni bá ti tú u wò. Síìlì kékeré kan máa ń wà lórí ìdè rẹ̀, bí ó bá ti ya, iléeṣẹ́ ò ní dá yín lóhùn, bí ẹni tó tú u tilẹ̀ mọṣẹ́ ju àwọn lọ.

Èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Peckham ní London ńkọ́? Ibi tí wọ́n ti rà á ni wárántì rẹ̀ sábà máa ń wà, yóò sì ṣòro kí ẹ gbé dráyà onífìlà padà lọ sí London torí wáyà tó jó. Òfin oníbàárà tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 2015 dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ra nǹkan fún ìlò ara rẹ̀ ló ń gbè. Ẹni tó ra irinṣẹ́ fún iṣẹ́ òwò kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà tún ní wàhálà tirẹ̀: iná wọn jẹ́ 120 fóótì, tiwa jẹ́ 230. Bí ẹ bá ki pílọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ iná wa láìsí tiransifọ́mà, ẹ má retí kí iléeṣẹ́ kankan gbà á lọ́wọ́ yín.

Ó wá dà bíi pé ẹni tó ra àlòkù kò ní ẹ̀tọ́ kankan. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, n kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n apá òfin yìí kò le láti lóye. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni irú ẹni tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń fi ọjà náà ṣòwò ni, tó ní ṣọ́ọ̀bù tòkunbọ̀ ní Alábà tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, òfin wà fún un. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tí wọ́n ń pè ní Federal Competition and Consumer Protection Act, òun ló sì gbé àjọ FCCPC dìde. Òfin náà ní ọjà tí oníṣòwò bá tà gbọ́dọ̀ wúlò fún ohun tí a rà á fún, kó sì ṣiṣẹ́ fún ìgbà tó bọ́gbọ́n mu. Bí wọ́n bá ti tún ọjà kan kàn, kí wọ́n kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà, kí ojú rí i. Ẹni tó bá sì ti sọ fún ọlọ́jà pé iṣẹ́ báyìí ni òun fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣe, tí ẹ̀rọ náà kò wá lè ṣe é, ó lè dá a padà láìpẹ́ púpọ̀ kó sì gba owó rẹ̀. Ẹ rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì pé àwọn kì í dá owó padà? Àjọ FCCPC ti sọ ọ́ léraléra pé ìyẹn lòdì sí òfin. Torí náà, ẹ má kàn sọ pé “ẹ fún mi ní dráyà”. Ẹ sọ fún un pé ti ṣọ́ọ̀bù ni, pé jẹnẹrétọ̀ ni ẹ ó fi máa lò ó, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlẹ́rìí gbọ́.

Bí ó bá jẹ́ ìyá tó ń ta ẹrù ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Òfin ọjà títà tiwa, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893, kò fi bẹ́ẹ̀ di ẹrù lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí, nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní í dáhùn bí dráyà náà bá kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ohun méjì kò ṣe é sá fún. Ó gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti tà á, kí ohun tó tà sì rí bó ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, ẹ̀yin ìyá wa. Bí ẹ bá sọ pé oṣù mẹ́fà péré ni ọmọ yín lò ó, tí rìsíìtì wá sọ pé ọdún mẹ́rin ni, ọ̀rọ̀ ẹnu yín yẹn ni wọ́n á fi pè yín lẹ́jọ́. Ohun tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Èyí tó bá ní àléébù, ẹ tọ́ka sí i, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé èyí gan-an ló ń dáàbò bo àgbàlagbà tó ń ta nǹkan ju ohunkóhun lọ, nítorí ẹni tí a ti fi àléébù hàn kò lè padà wá sọ pé òun kò rí i. Bákan náà ni fún ẹni tó ń rà: àléébù tí ẹ yẹ kí ẹ rí nígbà tí ẹ yẹ ọjà náà wò, ti yín ni.

Ní ti àṣẹ láti tà, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ọ̀pọ̀ onídìrí ló fi àsansílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ gba ẹ̀rọ, tàbí tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà dúró fún owó tí wọ́n yá. Láti ọdún 2017 ni òfin ti fìdí ìwé àkọsílẹ̀ kan múlẹ̀ lọ́dọ̀ báńkì àpapọ̀, National Collateral Registry, níbi tí ayánilówó ti lè kọ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí olówó bá wá gbé dráyà lórí oníbàárà ọmọ yín, ẹ lè bá ẹni tó tà á fún yín fà á, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ ńkọ́? Ẹ béèrè rìsíìtì àkọ́kọ́, kí orúkọ ẹni tó ń tà sì wà lórí rẹ̀. Bí ẹrù ọmọ ni ìyá ń tà, kí ọmọ náà pe fóònù, tàbí kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun fún ìyá òun láṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wọ aṣọ iṣẹ́ mi díẹ̀, torí àwọn àléébù kan wà tí wárántì kankan kì í bò. Kòkòrò àrùn hẹpatáítìsì B, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lè wà láàyè fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, lórí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Abẹ kílípà àlòkù àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé èékánná, ẹ kó o dànù, kí ẹ ra tuntun. Owó rẹ̀ kò tó owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àpótí oníná búlúù tí wọ́n ní ó ń pa kòkòrò, kì í ṣe ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dé ló ń pa, gílóòbù rẹ̀ sì máa ń rẹ̀wẹ̀sì kó tó kú, bẹ́ẹ̀ yóò ṣì máa tàn lójú yín. Dráyà tó ti dàgbà jù náà, ẹ má gbé e wọlé. Ní ọdún 1979 ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà jáwọ́ nínú dráyà ọlọ́wọ́ tí wọ́n fi asibẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe inú rẹ̀, nítorí pé fífà á símú léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí ẹ bá sì fẹ́ rà, ẹ tàn án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko. Bí ó bá ń rùn bíi rọ́bà jíjó, tàbí tí wáyà rẹ̀ gbóná lọ́wọ́, ẹ dágbére.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kọ̀wé. Ewé ìwé kan tó. Orúkọ ẹni tó tà àti ẹni tó rà, irú ẹ̀rọ àti nọ́ńbà ara rẹ̀, iye owó, ọjọ́, àléébù tí a fi hàn, àti ìlérí tí ẹni tó tà bá ṣe. Bí ó bá ní òun á gbà á padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí kò bá ṣiṣẹ́, kó kọ ọ́ síbẹ̀ kó buwọ́ lù ú. Wárántì tiyín gan-an nìyẹn, ó sì lè lágbára ju káàdì inú páálí lọ. Bí oníṣòwò bá yí ohùn padà, ẹ kọ́kọ́ lọ bá a, kí ẹ tó kọ̀wé sí FCCPC pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé yìí. Ti ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò, àwọn àgbà àdúgbò ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ilé ẹjọ́ ló kù.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ omi kún un fún àwa tí à ń gbé létí ọ̀sà. Lábẹ́ òfin ọjà títà yẹn, bí ọjà tí ẹ fojú rí bá ti ṣetán, tí ẹ sì ti fẹnu kò lórí iye rẹ̀, ó ti di tiyín, kódà kí ẹ má tíì sanwó tán, kódà kó ṣì wà nílé ẹni tó tà á. Bí ó bá wá bọ́ sómi láti inú ọkọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ pàdánù rẹ̀, àfi tí ẹ bá ti jọ ṣe àdéhùn mìíràn. Torí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ewé ìwé yẹn pé ti ẹni tó tà á ni títí yóò fi gúnlẹ̀ ní èbúté yín, kí ẹ sì tàn án wò níbẹ̀ kí ẹ tó san ìyókù owó.