Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Ya Iṣẹ́-Ọnà Nípá sí Sáyẹ́ǹsì?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí ní Ìkọ̀tún, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Ìgàndò, bí a ti ń gbọ́ ọ níbi púpọ̀: pé ọmọ tí orí rẹ̀ pé ni kí ó kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí ẹni tí ìṣirò bá ṣòro fún sì máa lọ ya àwòrán. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà, nítorí ìwádìí ni ìyá tí ó bí àwọn méjèèjì.

Ẹ wo aláró. Ó mọ bí a ti ń fi omi eérú sí èlú nínú ìkòkò títí yóò fi kẹ̀. Bí ó bá fa aṣọ yọ, àwọ̀ ewé ni a kọ́kọ́ ń rí. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni yóò tó di aró. Kí ni èyí bí kò ṣe sáyẹ́ǹsì?

Ẹ tún wo Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo tí a bí ní ọdún 1932, tí ó ń ṣiṣẹ́ ọnà ní Mushin, tí kò jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́. Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Gregory's ní Ọbalendé nígbà tí ásíìdì ba àwo kan tí ó fi ń tẹ àwòrán jẹ́ ní ọdún 1967. Ẹlòmíràn ì bá jù ú nù. Òun yẹ̀ ẹ́ wò, ó dán èyí wò, ó dán tọ̀hún wò, títí ó fi rí ọ̀nà titun tí ó pè ní plastograph. Nípa ọ̀nà yìí, a ń fín àwòrán sára àtè tí ó ti gbẹ le koko lórí àwo, a ń fi tàdáwà kùn ún, a sì ń tẹ bébà mọ́ ọn, tí àwòrán yóò fi yọ sókè bí ohun tí a gbẹ́. Ní ọdún 1998, ó dá ibi ìkọ́ṣẹ́ Harmattan sílẹ̀ ní Agbarha-Otor, kí ìmọ̀ náà má bàa parun.

Ẹnìkan lè wí pé oúnjẹ òòjọ́ ni a ń wá, a kò wá àwòrán. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ bí a ti ń wádìí kì í ṣaláìrí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí a bá ní kí ẹ mú ọ̀kan, ẹ mú un; ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lé èkejì jáde kúrò lọ́kàn yín. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ nù.