Ọjọ́ Tí Iṣẹ́ Bàjẹ́ Ni À Ń Mọ Olórí

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀pọ̀ nínú yín ló jẹ́ olórí níbi iṣẹ́. Ẹ lè jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì, ẹ lè jẹ́ mùdíírù ilé kéwú, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ méjì péré ló wà lábẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kàn yín. Ẹ jẹ́ kí n ti ara mi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn olùkọ́ ní ilé kéwú kan. Olùkọ́ kan tí mo jù lọ́jọ́ orí ló ń gba owó oṣù lọ́wọ́ àwọn òbí, tó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ kan, owó kò pé. Mo pè é jáde lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì ń bi í léèrè bí ẹni ń bi olè. Nígbà tó di alẹ́, mo tún ìwé náà yẹ̀ wò, mo rí i pé èmi gan-an ni mo ṣírò rẹ̀ lódì. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n gbangba ni mo ti dójú tì í, kọ̀rọ̀ ni mo ti bẹ̀ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà, kò sọ ìṣòro kankan fún mi mọ́. Òrùlé kíláàsì rẹ̀ ń jò fún oṣù kan gbáko, ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ń dé ibi iṣẹ́ lásìkò, ṣùgbọ́n kò fọkàn tán mi mọ́.

Ìgbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ogun Úhùdù ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ní ọdún 3 lẹ́yìn Híjírà, ìyẹn ọdún 625, àwọn Kùráìṣì gbógun wá sí Mọ̀dínà. Èrò Ànábì ni pé kí wọ́n dúró sínú ìlú. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò sí níbi ogun Bádírì ní kí wọ́n jáde lọ pàdé ọ̀tá, ó sì gba tiwọn. Ó fi tafàtafà 50 sórí òkè kékeré kan, Abdullah ọmọ Jubayr ni olórí wọn. Ó kìlọ̀ fún wọn pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀tá ń sá, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ kó ọrọ̀ ogun. Khalid ọmọ Walid, tí kò tíì gba Ìsìláàmù nígbà náà, gba ẹ̀yìn yọ sí wọn. Nǹkan bí 70 Mùsùlùmí ló kú, Hamza, àbúrò bàbá Ànábì, wà lára wọn. Ànábì fúnra rẹ̀ fara gbọgbẹ́, eyín rẹ̀ ṣẹ́.

Ẹ rò ó wò. Ẹ gba ìmọ̀ràn, kò yọrí sí rere. Ẹ pàṣẹ, wọn kò tẹ̀ lé e. Ọ̀gá wo ni kò ní búra pé òun kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀ mọ́? Àmọ́ ẹ lọ wo Súrà Āl-Imrān, āyà 159. Ọlọ́hun pa Ànábì láṣẹ pé kí ó forí jì wọ́n, kí ó bá wọn tọrọ àforíjìn, kí ó sì tún máa bá wọn jíròrò. Ó sì jẹ́ kó mọ̀ pé ká ní òǹrorò ni, wọn ì bá ti fọ́n ká kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní bí a bá ń forí ji òṣìṣẹ́ báyìí, iṣẹ́ á bàjẹ́. Rárá o. Ọlọ́hun kò bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀: āyà 152 nínú súrà kan náà sọ pé wọ́n yapa àṣẹ. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ sọ àṣìṣe náà bó ṣe jẹ́, ẹ tún un ṣe, ẹ má ta ẹni tó ṣe é lọ́pọ̀ lójú ayé. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ jalè, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ohun kejì ni pé kí ìṣirò hàn sí gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àgbádárìgì, ẹ ti rí àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n gígùn létíkun. Ọkọ̀ á gbé àwọ̀n wọ inú òkun, á yí i po, ọ̀wọ́ èèyàn méjì á sì máa fa okùn méjèèjì wá sórí ilẹ̀. Bí wọn kò bá fà á pọ̀, ẹja á sá lọ. Orí iyanrìn, lójú gbogbo wọn, ni wọ́n ń tú ẹja náà sí. Kò sí ẹni tó ní láti búra fún ẹni tó fa okùn pé ẹja kò pọ̀ lónìí. Òun náà rí i. Àwa ńkọ́? Owó oṣù á pẹ́, ọ̀gá á dákẹ́, òṣìṣẹ́ á máa rí i tó ń ra mọ́tò. A sì mọ hádíìsì tí Ibn Mājah gbà wá, pé ká san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Bí owó kò bá sí lóòótọ́, ẹ pè wọ́n jọ kí oṣù tó parí, ẹ fi ìwé hàn wọ́n.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Úhùdù yẹn, mo dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ gbogbo, mo sì sọ pé èmi ni mo ṣírò owó lódì, mo sì bẹ olùkọ́ náà níbẹ̀. Ojú tì mí, mi ò ní purọ́. Kò rẹ́rìn-ín sí mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí ó tó wá bá mi ní ọ́fíìsì, tó ní: “Ẹ̀gbọ́n, mo gba owó lọ́wọ́ òbí kan, mo gbàgbé láti kọ ọ́.” Mo ní kí ó jókòó, a jọ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹni tó bá lè fẹnu ara rẹ̀ sọ àṣìṣe rẹ̀ fún yín ti fọkàn tán yín. Bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ yín, ẹ má rò pé kò sí ẹni tó ń ṣàṣìṣe níbẹ̀. Ẹ wo ara yín wò.

Kí Ọlọ́hun fi alúbáríkà sí iṣẹ́ wa, kí Ó má jẹ́ kí ipò tó gbé lé wa lọ́wọ́ di ẹ̀rí takò wá lọ́jọ́ ìdájọ́. Āmīn.