Ẹ Má Gé Sípíríǹgì Ọkọ̀ Bàbá Yín

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀. Ní ìpàdé gbogboogbò tí a ṣe kẹ́yìn, ẹnìkan dá a lábàá pé kí gbogbo ilé tí Peugeot 504 àtijọ́ bá jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò lọ tà á fún àwọn tó ń ra irin ní Pantẹ́kà, kí a sì fi díẹ̀ nínú owó rẹ̀ kún owó gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kí àtẹ́wọ́ náà tó rọlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa dìde, wọ́n ní kò ní rí bẹ́ẹ̀, àwọn ni àrólé, àwọn á sọ ọ́ di ọkọ̀ eré ìje. Wọn á gé sípíríǹgì rẹ̀ kó lè kúrú mọ́lẹ̀, wọn á ki ẹ́ńjìnnì Toyota bọ inú rẹ̀, wọn á fi sàlẹ́ńsà tó ń bú bíi kìnnìún sí i, wọn á sì máa fi í yan níwájú àlejò lọ́jọ́ àjọ̀dún. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún àwọn náà.

Àwa kò pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fẹ́ pa ẹṣin àti ẹni tó fẹ́ gé e lẹ́sẹ̀ kó tó gùn ún, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú wa.

Kò yẹ kí a fi ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn wá pa mọ́. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá wa. Ní 1982, wọ́n yá owó ọkọ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n sì ra 504 funfun kan tí wọ́n tò pọ̀ ní Kàkùrí níbí. Ọkọ̀ yẹn ló ń gbé àwa ọmọ márùn-ún relé lọ́dọọdún. A ó gbé àlùbọ́sà àti ẹ̀wà lọ, a ó gbé èlùbọ́ àti epo pupa bọ̀. Aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni a ó ti kúrò nílé: Birnin Gwari, Tegina, Kontagora, Mokwa, Jẹ́bà, Ìlọrin, títí a ó fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. (Ọ̀nà Birnin Gwari yẹn, ta ló tún ń gbà á láìbẹ̀rù lónìí?) Bàbá wa dágbére fáyé ní 2004. Ọkọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ wa, ó sì ń rìn. Nítorí náà, ẹ má sọ pé ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ ló ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa kọ́kọ́ sọ ni pé ọkọ̀ arúgbó ni 504, pé kò sí eré lára rẹ̀ àfi bí àwọn bá fi eré sí i. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé 504 jáde ní Párísì. Ní 1969, òun ni wọ́n fún ní oyè ọkọ̀ tó dára jù lọ lọ́dún náà ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ tó ń to Peugeot pọ̀ ṣí ní Kàkùrí, lásìkò tí owó Udoji ṣì ń hó lápò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Lọ́dún 1975 yẹn kan náà, 504 gba ipò kìíní nínú Safari Rally ti ilẹ̀ Kẹ́ńyà, Ove Andersson ará Sweden ló wà á. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas ará Faransé tún fi 504 onílẹ̀kùn méjì gbà á. Kódà, 404 tó ṣáájú rẹ̀ ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní àwọn ọdún 1960. Ẹrẹ̀, eruku, òkúta àti kòtò ni wọ́n ń sáré lórí rẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀dà dídán.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ti 1975 yẹn. Àwọn ọkọ̀ tó bọ́ sí ipò kejì àti ìkẹta, Lancia Stratos ni wọ́n. Ọkọ̀ Ítálì ni, wọ́n dìídì ṣe é fún eré ìje, ó kúrú mọ́lẹ̀ bí ọmọ ìjàpá. Irú ìrísí tí ẹ̀yin fẹ́ fi ayùn àti iná wẹ́dà wá fún 504 gan-an nìyẹn. Ọkọ̀ tó ga, tó rọ̀, tí bàbá yín fi ń gbé yín lọ sílé ìwé, ló gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Ohun tó mú kí 504 yege lójú ọ̀nà burúkú kò sì farasin. Sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀. Nínú sàlúùnù tí ọ̀pọ̀ wa ní, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan dá dúró fúnra rẹ̀. Bí èyí tó wà lápá ọ̀tún bá bọ́ sí kòtò, tòsì kò ní bá a bọ́ síbẹ̀. Táyà kì í fẹ́ kúrò nílẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń wà á lè sáré níbi tí ẹlòmíràn ti ń rọra. Eré tí wọ́n dá mọ́ ọn nìyẹn. Sípíríǹgì tí ẹ fẹ́ gé ni eré náà gan-an.

Bí ẹ bá gé e, ọkọ̀ yóò máa fi ìdí gbá irin ní gbogbo kòtò. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì yóò dagun, orí táyà yóò tẹ̀ sínú, ìdí rẹ̀ yóò sì ṣí síta. Ẹ̀gbẹ́ inú táyà nìkan ni yóò máa jẹ ilẹ̀, ẹni tó bá dúró ní ìta kò sì ní rí i. Ọmọ kan ní àdúgbò wa ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú gbogbo wa, táyà rẹ̀ tuntun. Lójú ọ̀nà Zaria ni táyà ẹ̀yìn bẹ́ lórí eré, ọkọ̀ sì gbókìtì. Orí kó o yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kán níbi méjì. A lọ kí i nílé ìwòsàn. Ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni bóyá bọ́ǹpà iwájú ṣì dára.

Ó di ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. A kò bá Toyota jà o. Corolla ni àwa náà fi ń lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ́ńjìnnì 504 ṣe fún yín? Sílíńdà mẹ́rin ni, 1,971 cc. Àwọn tó ṣe é kò gbẹ́ sílíńdà mọ́ ara búlọ́ọ̀kì. Láínà ni wọ́n kì bọ inú rẹ̀, omi sì yí láínà náà ká. Bó bá jẹ tán, a ó yọ láínà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú pístìn wọn, a ó fi tuntun sí i. Kò sí pé a ń ru búlọ́ọ̀kì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ. Ohun tó gba sùúrù níbẹ̀ ni pé orí láínà gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ kọjá ojú búlọ́ọ̀kì, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ́gba, kí gásíkẹ́ẹ̀tì lè dì í pa. Mẹkáníìkì tí kò bá wọn èyí yóò dè é pa, yóò gbowó rẹ̀, omi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú ọ́ìlì láìpẹ́. Ìgbà náà ni yóò wá sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì Faransé kò dáa, kí ẹ jẹ́ kí òun fi Toyota sí i. Irọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò dáa.

Ẹ tún yọjú sí abẹ́ ọkọ̀. Nínú sàlúùnù 504, páìpù irin gígùn kan ló so gíábọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ dífrẹ́ńṣà tó wà lẹ́yìn, ara kan ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ki ẹ́ńjìnnì àti gíá mìíràn bọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ yọ páìpù yẹn dànù tàbí kó gé e, kó sì máa jó irin mọ́ irin lábẹ́ ibi tí àwọn ọmọ yín jókòó sí. Wẹ́dà abẹ́ igi ni yóò ṣe é. Ṣé ẹ ó fi ìyàwó yín jókòó lórí rẹ̀ dé Ìlọrin?

Àwa náà ti ṣẹ̀, a kò níí purọ́. Ní 2019, mẹkáníìkì kan yọ tẹmọ́sítáàtì ọkọ̀ wa dànù. Ohun kékeré yẹn ni ó ń ṣí, tó sì ń tì, láti darí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Ó ní ilẹ̀ Áfíríkà gbóná jù, kò wúlò níbí. A gbà fún un. Omi ẹ̀rọ lásán ni a sì ń rọ sí rédíétọ̀, ọdún kẹta nìyẹn. Ẹ wò ó, orí ẹ́ńjìnnì 504 kì í ṣe irin dúdú, alumíníọ́ọ̀mù ni. Omi lásán ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìdọ̀tí rẹ̀ ń dí ihò rédíétọ̀, bí ooru bá sì mú un ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń tẹ̀. Bí a ṣe ń bọ̀ láti Àbújá nìyẹn, tí aago ooru fò sókè, tí èéfín funfun bo ẹ̀yìn. Kò jìnnà sí Katari, oòrùn ti ń wọ̀. Gbogbo ẹni tó ń gbé Kàdúná ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn nígbà náà. Ìyá àwọn ọmọ wa jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ-ọmọ wa tí kò tíì pé ọdún kan. A kò gbọdọ̀ tan iná, a kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sókè. Nǹkan bí wákàtí kan ni a fi wà níbẹ̀ kí àwọn ṣọ́jà tó kọjá, tí wọ́n sì fi okùn fà wá. Ọmọ náà kò ké rárá. A ṣì ń dúpẹ́ fún ìyẹn títí di òní.

Láti ọjọ́ yẹn ni a kò ti gbọ́rọ̀ ẹni tó ń sọ pé ìtọ́jú ọkọ̀ jẹ́ àṣejù. Ní àtijọ́, bí ọkọ̀ bá dákú lójú ọ̀nà, ẹ ó kàn pẹ́ délé ni. Lóde òní, ẹ̀mí ni.

Ẹni tó bá fẹ́ tún 504 ṣe kó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwa kọ́ ni yóò dá a dúró. Àwa náà ti ṣe é. A yọ kọ́ńtáàtì inú dísíríbútọ̀, a fi ti ẹ̀lẹ́kítírọ́níìkì sí i. Ó ń tètè gba iná, kò sì sí pé a ń fi páálí sìgá wọn àlàfo mọ́. A fi gíá márùn-ún ti 505 rọ́pò gíá mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì sì ń rọra mí lójú ọ̀nà jíjìn. A fi fáànù oníná kún ti tẹ́lẹ̀. Iná iwájú, a fún un ní wáyà tirẹ̀ láti bátìrì, ó sì mọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó náwó kan sí èyíkéyìí nínú wọn, bíréèkì ni a kọ́kọ́ tún ṣe. Ọ́ìlì bíréèkì ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà ó yẹ kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní bí ọdún méjì méjì. A ti rí ẹni tó rọ omi ọṣẹ síbẹ̀ nínú ìlú yìí, a sì ti rí i níbi tó ti ń fẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ẹ́.

Táyà ńkọ́? Ìwọ̀n tí wọ́n fún sàlúùnù yìí ni 175, rímù 14. Kì í ṣe èyí tó fẹ̀ bíi ti tírélà. Ẹ má ra tòkunbọ̀ nítorí pé ó ń dán. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó gbẹ̀yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 2309, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009 ni. Kí ẹni tó ń tà á máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fẹ́ tà á fún Pantẹ́kà, ọ̀rọ̀ yín kò gùn lọ́dọ̀ wa. Ẹ ní ó ń mu epo. Òótọ́ ni, pàápàá láti oṣù karùn-ún 2023 tí owó epo fò kọjá ₦500 lójijì, tó sì tún ń gòkè lẹ́yìn ìyẹn. Àwa náà kì í wà á lójoojúmọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì ohun tí ẹ ń pè ní ọ̀mu epo, kábúrétọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá ni. Owó tí Pantẹ́kà yóò fún yín, kìlógíráàmù irin ni wọn yóò fi ṣírò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá lọ yá owó kó-ọ̀pù láti ra jíìpù tòkunbọ̀ tí ẹ ó gbé relé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí àwọn ará ilé lè sọ pé Kàdúná ti bù kún yín. Àwọn ará ilé kan náà ló ń bèèrè lọ́wọ́ wa pé, ọkọ̀ funfun bàbá yín dà?

Ohun tí à ń bẹ ẹgbẹ́ fún kò pọ̀. Ó ṣì ku àwọn bàbá díẹ̀ nínú wa tó fi ọwọ́ ara wọn to 504 pọ̀ ní Kàkùrí. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sọ fáàfù tó ń ké. Kí ẹgbẹ́ fún wọn ní àga àti ìbòòji ní ọgbà gbọ̀ngàn ní Sátidé kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn ọ̀dọ́ gbé ọkọ̀ wá pẹ̀lú sípánà, kí wọ́n fi ayùn sílẹ̀ sílé. Ọkọ̀ tiwa yóò ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ṣíṣí.