Ìṣirò ò kan ọmọ Art? Ẹ yà sí Post Office ná

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lábẹ́ afárá Post Office n'Ílọrin, ọmọkùnrin kan tó ń ta fóònù dá mi dúró. "Bọ̀dá, ẹ má wulẹ̀ kó ₦110,000 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ san ₦30,000, kí ẹ wá máa san ₦12,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́wàá." Ó dùn létí. Ọ̀dọ́bìnrin tó dúró tì mí ti ń tọwọ́ bọ báàgì.

Mo ní kó sinmi ná. Mo fa bírò yọ, mo kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì: 30,000 + 12,000x = 110,000. Yọ 30,000 kúrò lápá méjèèjì, ó ku 12,000x = 80,000. Fi 12,000 pín in, x ò tó 7. Ìyẹn ni pé lóṣù keje, owó fóònù ti pé. Tí èèyàn bá san án dé oṣù kẹwàá, ₦40,000 ló fi lé e, lórí gbèsè ₦80,000. Ìdajì gbèsè! Ó pa báàgì rẹ̀ dé.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ rèé. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2025, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọmọ Art ò nílò krẹ́díìtì nínú ìṣirò mọ́ kó tó wọ fásitì. Wọ́n padà ṣàlàyé pé dandan ṣì ni kó forúkọ sílẹ̀ fún un nínú ìdánwò àṣejáde. Inú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ dùn, ó sì yé mi. Òfin lèmi náà kà, adájọ́ kankan ò bi mí ní kósáìnì rí. Kò dáa kí x máa dínà mọ́ ọmọ tó mọ ìtàn àti èdè. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ká wá sọ pé ìṣirò ò kàn wá mọ́.

Ó kàn wá gan-an. Bíríkìlà tó fẹ́ kí igun ìpìlẹ̀ gún á wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lápá kan, 4 lápá kejì. Tí okùn tó so orí méjèèjì bá jẹ́ 5 géérégé, igun náà ti gún. Pythagoras nìyẹn nínú yẹ̀pẹ̀: 9 + 16 = 25. Ìyá àgbà tó pe "mẹ́rìndínlógún" náà ti yanjú x + 4 = 20, torí ogún tó dín mẹ́rin lohun tó sọ.

Kì í ṣe pé ọpọlọ wa ò gbé e. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò wà níbẹ̀. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Bá a ṣe ń kọ́ ọ ló yẹ ká tún ṣe. Kí tíṣà fi x wá owó ọjà kó tó fi wá ohunkóhun mìíràn.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ gba àǹfààní ìjọba, ẹ má kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ju ìwé ìṣirò nù. Ẹni tí ò bá ṣírò owó ara rẹ̀, ọlọ́jà á bá a ṣírò ẹ̀.