Ẹni Tó Ń Rìnrìn-àjò Ni Kó Gbé Ibùsùn Ara Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Rẹ́mọ ni òwe yìí ń bá wí, ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ọdún tó kọjá, kíláàsì wa fẹ́ lọ sí Òkè Ìdànrè. A ti dá owó ọkọ̀. Ibi tí a ó sùn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Owó òtẹ́ẹ̀lì ju owó ọkọ̀ lọ, àwọn òbí mìíràn kò rí i san, ni wọ́n bá wọ́gi lé ìrìn-àjò náà.

Ohun tí mo ń sọ nínú àròkọ yìí ni pé kò yẹ kí ìrìn-àjò akẹ́kọ̀ọ́ kankan tún kú nítorí yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní hámọ́ọ̀kì, ìyẹn ibùsùn àsorọ̀ tí wọ́n máa ń ta sáàárín igi méjì, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì lè ká sínú báàgì àgbékọ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé nǹkan òyìnbó ni. Irọ́ ni. Àwọn Taino, onílẹ̀ erékùṣù Karibíà, ni Columbus bá tí wọ́n ń sùn nínú rẹ̀ ní 1492, ọ̀dọ̀ wọn sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Lóòótọ́, òyìnbó ló sọ ọ́ di ohun ìtìjú fún wa. Ní 1863, nígbà tí Richard Burton, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń lọ bá Ọba Gelele ní Àgbómẹ̀, inú hámọ́ọ̀kì ni ó wà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Dàhòmì ń rù ú lọ láti Ouidah. Báyìí náà ni ọ̀pọ̀ òyìnbó ṣe rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí ọ̀nà mọ́tò tó dé. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ibùsùn níbẹ̀? Ẹni tó dùbúlẹ̀ sí orí ẹlòmíràn ló jẹ̀bi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé tirẹ̀ sẹ́yìn fúnra rẹ̀ kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Àwọn mìíràn yóò ní ẹ̀yìn yóò máa dun ọmọ. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n ta ni ẹ̀yìn í dunni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fà á le tantan bí okùn ìsáṣọ, aṣọ náà á wá fún wọn léjìká pọ̀. Kí ó rọ̀ díẹ̀ ló dára, kí àárín rẹ̀ má ga ju àga lọ nígbà tí ènìyàn bá jókòó sínú rẹ̀. Bákan náà, kí ẹni tó fẹ́ sùn má ṣe nà gbọọrọ ní àárín bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kí ó dùbúlẹ̀ ní ìbú díẹ̀, kí orí wà lápá kan, kí ẹsẹ̀ wà lápá kejì. Ẹ̀yìn yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó gùn tó mítà 3, tó sì fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀, yóò gba àgbàlagbà dáadáa.

Ní ti owó, kò dìgbà tí a bá rà á láti òkè òkun. Aṣọ náílọ́ọ̀nù fífúyẹ́ tó sì yi, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe párásúùtì, kò wúwo, ó sì tètè ń gbẹ. Hámọ́ọ̀kì tí a fi rán lè má tó ààbọ̀ kílógíráàmù. Ẹ fi í wé fóòmù tí a máa ń rù lọ sí ilé-ẹ̀kọ́! Télọ̀ tó lè rán báàgì ní Ṣàgámù lè rán an. Kí okùn tí yóò yí igi ká fẹ̀ bí ìgbànú, kí ó má baà gé èèpo igi. Kí igi náà jẹ́ igi tútù tó nípọn, kì í ṣe ìbẹ́pẹ, kì í sì í ṣe abẹ́ àgbọn tó so. A óò fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó lókè, a óò tẹ́ aṣọ tó nípọn sí abẹ́ ẹ̀yìn, nítorí ẹ̀fọn lè gba ìsàlẹ̀ jẹ ènìyàn, a óò sì ta tapólì sókè nítorí òjò.

Ẹ̀rù tó tọ́ ni ti ààbò. Ọmọbìnrin ni mí, mo sì mọ ohun tó ń kọ àwọn òbí wa lóminú. Ta ni kò gbọ́ ìròyìn àwọn ajínigbé? Èmi kò sọ pé kí a lọ sùn sínú igbó. Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ògiri, tó ní ọlọ́dẹ, tó sì ní igi, pọ̀ ní gbogbo ìlú tí a lè lọ. Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan kọ ìwé sí èkejì, kí àwọn obìnrin wà ní apá kan pẹ̀lú olùkọ́ obìnrin, kí àwọn ọkùnrin wà ní apá kejì.

Ẹ wo ohun tí a ń pàdánù. Erédò Sùngbọ́, yàrà àti odi tó tó nǹkan bí kìlómítà 160, wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú nítòsí wa. Igbó ọba Omo, tí UNESCO kà mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé láti 1977, wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà. Ìwé la ti ń kà nípa wọn.

Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́ wa níbí. Ibẹ̀ ni Táí Ṣólàrín dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní 1956, òun náà ló sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní January 1964 pé kí ọ̀nà àwọn òǹkàwé òun le koko. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, a kò ní kí ẹ wá bá wa tún ọ̀nà ṣe. Mítà aṣọ mẹ́ta, okùn méjì àti ìyọ̀ǹda yín ni a ń bèèrè. A óò gbé ìyókù fúnra wa.