ÌWÉ ILẸ̀ KÌ Í ṢE TI OLÓWÓ NÌKAN

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ta ló ni ilẹ̀ tí ẹ ń dáko sí? Ẹ ó ní, "Bàbá wa ló fi sílẹ̀ fún wa." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin wí.

Láti oṣù kẹta ọdún 1978, nígbà ìjọba ológun, ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Òfin náà gbà pé kí ẹni tó ti ń dáko sí ilẹ̀ abúlé ṣáájú ìgbà náà máa lò ó lọ. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá gba ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ ìlú, owó kòkó, owó obì àti owó ilé ni wọn ó san. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Iye owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba lọ́dún yẹn ni. Ẹni tí kò san kọ́bọ̀, kò ní gba kọ́bọ̀ lórí ilẹ̀. Àwọn aṣòfin l'Abuja àti ti ìpínlẹ̀ ló lè tún èyí ṣe. Ẹ̀yin lẹ sì ń dìbò fún wọn.

Àwa ò bá ìwé jà o. Nígbà tí àwọn àgbà tó mọ ààlà bá ti kú tán, ìwé ló máa jẹ́rìí fún ọmọ òrukàn. Ṣùgbọ́n awọnlẹ̀ á gbowó, lọ́yà á gbowó, ọ́fíìsì á gbowó, fáìlì á tún sùn sórí tábìlì. Olówó lè fara da ìyẹn. Àgbẹ̀ ńkọ́? Kó tó mọ̀, ẹlòmíràn ti gba ìwé sórí oko rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe. Láàrin 2009 sí 2013, ìjọba Rwanda rán ènìyàn wọ abúlé, wọ́n fi ààlà hàn lójú aládùúgbò, wọ́n kọ orúkọ ọkọ àti aya pọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè nìyí: kí awọnlẹ̀ ìjọba wá bá yín ní abúlé. Kí owó ìwé jẹ́ iye kan ṣoṣo, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìjọba ìbílẹ̀. Kí wọ́n ka ààlà sétígbọ̀ọ́ ará àdúgbò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Kí orúkọ ìyàwó àti ọmọbìnrin wà níbẹ̀. Kí owó ilẹ̀ sì wọ inú owó gbà-má-bínú.

Bí wọ́n bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n pé: ìwé ilẹ̀ wa dà? Ẹni tí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ má dìbò fún un.